Ìlà Tí Mo Gé Kúrò Nínú Orin Àlàájà

Ìwé ẹ̀rí kan wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Al-Abidiyah, ní Mẹ́kà, tí wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ mi sí. Màmá mi ló kàn án mọ́bẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni pé èmi ni mo ṣe orin tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ níbi àjọ̀dún ewéko, orin àti iṣẹ́ ọnà. Irọ́ ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ẹni tó ṣe é ń gbé ní Al-Nuzlah, ní Jẹ́dà, lókè ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ní iná. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo na ọwọ́ mi méjèèjì gba ìwé náà, mo tún rọra tẹ orúnkún bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohun mìíràn, nítorí àwọn tó mọ̀ mí rò pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú. Wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn tó bá gbá a lórí. Ìbínú yìí kò sì ní ariwo. Ó kàn jókòó sí mi láyà, kò lọ, kò bọ̀. Mo ti gbìyànjú láti pín in fún àwọn tó ni ín: èyí jẹ́ ti alága ẹgbẹ́ wa, èyí jẹ́ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, èyí jẹ́ ti màmá mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pín in tán, tèmi ló máa ń pọ̀ jù.

Bàbá mi ń kọ́ni ní yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà Arafa, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé Al-Abidiyah. Nàìjíríà ni èmi ti kàwé. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kà. Mo jáde, mo ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, mo sì padà wá sọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Láti ìgbà náà, ilé ni mo wà. Orí ìwé bàbá mi ni mo wà nínú ìwé ìgbélùú tí gbogbo wa níbí ń pè ní ìkámà, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ gba ìkámà mi kúrò lábẹ́ bàbá mi sí abẹ́ ara rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa ṣe wàhálà yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ. Dókítà kan tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, dókítà àti ẹnjiníà ní Jẹ́dà ló ní òun á bá mi mú ìwé mi lọ fún àwọn tó ń darí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Mo kó ìwé náà sínú àpòòwé ńlá kan, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ fún bàbá mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa rí wọn.

Ìgbà ìwọ́wé ni ìwé ń pe àsìkò tí mò ń sọ yìí. Kò sí ewé tó ń wọ́ ní Jẹ́dà. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Laásárì, wàá ṣí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ kò sì ní gbá ọ lójú bí èéfín ààrò mọ́. Àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní sínú ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n á gbé kọfí àti dàbínù jáde. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún. Àdúgbò kan ní Jẹ́dà pe àwa àjèjì sí tiwọn: kí ìlú kọ̀ọ̀kan gba ìsọ̀ kan, kí ó pàtẹ ewéko ilé rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ orin kan lórí pèpéle. Wọ́n fẹ́ kí orin náà jẹ́ tuntun.

Nígbà tí alága ka ìwé ìpè náà nípàdé, gbogbo ènìyàn ń wo ilẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè.

"Ẹ wò ó," alága wí, "a ti ń wá oníṣègùn ewé, àṣé ó wà nílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn: bí ènìyàn bá ti jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì lábẹ́ ibùsùn, bí wọ́n bá ní kó wá ru àga lásán, á rò pé wọ́n fi òun joyè ni.

Ewéko ilé wa wo ló wà ní Jẹ́dà? Ẹyọ ibì kan ni, gbogbo ìyá tó wà nínú ẹgbẹ́ ló sì mọ ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ Àlàájà ni màmá mi ti ń ra ewúro àti tẹ̀tẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Àlàájà wá fún Hájì kí wọ́n tó bí mi, bàálù tó gbé e wá sì padà láìsí i nínú rẹ̀. Ilé onílé ló ń fọ̀. Kò ní ìkámà. Al-Sabeel ló ti kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí wọ́n wó ilé tó ń gbé níbẹ̀, ó kó ewé rẹ̀ lọ sí Al-Nuzlah. Ó rin ìrìn mẹ́rin pẹ̀lú ọmọlanke ẹni ẹlẹ́ni, ó sì gbé ewúro sórí itan lẹ́yìn ọkọ̀, nítorí kò gbà kí wọ́n fi ọmọlanke gbọ̀n ọ́n.

Orí òrùlé pẹrẹsẹ ló kó wọn sí: ewúro, tẹ̀tẹ̀, efinrin, ata wẹ́wẹ́, koríko ọba. Garawa òróró àti ike ọ̀dà ló gbìn wọ́n sí. Bí wọ́n bá kun ilé kan lára àwọn ilé tó ń fọ̀, á gba ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù, á fi igi tín-ín-rín ya nǹkan sára àwọn garawa náà. Alángbá wà lára ọ̀kan. Ẹyẹ aláwọ̀ aró kan tó na ìyẹ́ yí garawa ewúro ká, débi pé orí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ pàdé lẹ́yìn. Mo ti kàwé nípa ewéko, mo sì ti rí ọgbà oríṣiríṣi nínú fọ́tò, mi ò tíì rí èyí tó dà bíi tirẹ̀.

Wákà ló máa ń kọ sí wọn bó bá ń bomi rin wọ́n. Òun ló ṣe orin náà fúnra rẹ̀. Ó ní:

*Ọba tó mú ewé rú láàárín àpáta,*
*Má jẹ́ kí n rọ níbi tí mo fìdí mọ́.*
*Omi tí mo pọn ò pọ̀, ilẹ̀ tí mo ní ò tó ẹsẹ̀ méjì,*
*Inú ike ni mo gbìn ín sí, ó sì hù.*

Ègbè rẹ̀ ni: *Má jẹ́ a rọ o, Ọlọ́run Ọba, má jẹ́ a rọ.* Ìlà tó gbẹ̀yìn ni èyí tó fi ń fi ara rẹ̀ hàn, bí oníwákà ti máa ń ṣe: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe, àti ìlú tó ti wá.

Mo bá a lórí òrùlé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ṣàlàyé àjọ̀dún náà fún un. Mo ṣàlàyé jù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Àwọn ta ló ń bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Ẹgbẹ́ wa ni, mà. Àwọn dókítà."

"Ẹn-ẹ́n. Àwọn tí ìyàwó wọn máa ń jókòó sínú mọ́tò, tí wọ́n á ní kí n sọ ewúro kalẹ̀ fún dírẹ́bà." Ó bu omi sí ìdí ata. "Ṣé wọ́n ní kí èmi náà máa bọ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wéréwéré. "Wọ́n á máa yẹ ìkámà wò lẹ́nu ọ̀nà, Àlàájà. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ yín. Bó bá ṣe tèmi ni…"

"Mò ń dán ọ wò ni, akọ̀wé. Bí mo bá lọ, bí ẹ bá ti ń gbé orin lọ́wọ́, wọ́n á ti fi mí sínú bàálù. Ọ̀fẹ́ sì ni." Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Kó wọn. Kó orin náà dání. Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Má gé ìlà tí mo fi ara mi hàn."

"Mi ò lè gé e, Àlàájà."

"Mo kàn ń sọ fún ọ ni. Mo ti lò lé ní ogún ọdún nílùú yìí, kò sí ẹni tó tíì pe orúkọ bàbá mi níbi tí èrò wà. Mi ò ní kí wọ́n gbé mi síta. Kí wọ́n ṣáà fi ẹnu pè é lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi sọ fún mi pé orin tí kò bá mọ ẹni tó bí i, ọmọ àlè ni."

Mo ṣèlérí. Mo fi Kùránì inú àpò mi ṣèlérí, bẹ́ẹ̀ kò sì ní kí n búra.

Pálọ̀ alága ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní ọ̀sán Sátidé. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mo ń bá wọn sọ Yorùbá, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin, ó sì dùn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni wọ́n tètè mọ̀ jù, nítorí oríkì bàbá Àlàájà ń fò lẹ́nu bí ọmọ ewúrẹ́. Àbígbẹ̀yìn alága bi mí léèrè ní Lárúbáwá pé ta ni ẹni yẹn.

"Ẹni tó ni orin ni," mo wí.

"Ṣé ó máa wá?"

Alága ń gba ẹ̀yìn wa kọjá pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Ó dúró. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ jẹun, ó pè mí sídìí tábìlì níbi tí fọ́ọ̀mù àjọ̀dún wà. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ẹni tó ṣe orin, wọ́n béèrè nọ́ńbà ìkámà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Fi tìrẹ síbẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo ṣe é, sà."

"Ta ló máa bi ọ́? Fọ́ọ̀mù ń fẹ́ nọ́ńbà, ìwọ sì ní nọ́ńbà."

"Ṣé a ò lè kọ ọ́ pé orin ìbílẹ̀ ni, sà?"

"Tuntun ni wọ́n ní kó jẹ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n yọ wá ni?" Ó mu tíì. "Ìlà ìkẹyìn yẹn náà, yọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe orin, ọmọ bàbá ta ni wọ́n wá ń kì níbẹ̀? Tí ẹnìkan bá tún ní ká mú un wá ká kí i ńkọ́? Ẹgbẹ́ la ní, a ò lè fi ẹgbẹ́ wewu nítorí ẹni tí kò níwèé."

"Orúkọ lásán ni, sà. Kò sí ẹni tó máa ti ibi orúkọ bàbá rẹ̀ mọ ilé rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ti inú ilé ìdáná dá sí i. "Àlàájà yẹn? Báwo ló ṣe máa mọ̀? Ẹni tí kì í jáde."

Alága rọra gbé ife kalẹ̀. "Ìwé rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa rí wọn."

Kò fi halẹ̀ mọ́ mi. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó jágbe ni, bóyá ǹ bá ti gbé àpò mi jáde. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rán ọmọ létí pé òjò lè rọ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Mo ronú nípa bàbá mi tó máa ń yí ojú rẹ̀ kúrò bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni mò ń ṣe báyìí. Mo mú báírò. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ nọ́ńbà mi, mo sì kọ wọ́n dáadáa, nítorí mo máa ń fẹ́ kí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára.

Nígbà tí àwọn ọmọ padà, mo sọ fún wọn pé a ti yọ ìlà ìkẹyìn. "Kí ló dé?" ni wọ́n ń bi mí. Mo ní orin náà ti gùn jù.

Ẹni tó bá ti dalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èkejì kì í wúwo fún un mọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo lọ kó àwọn ewé. Àlàájà kò sí nílé, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ òrùlé sílẹ̀ fún mi lọ́dọ̀ ará ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo kó wọn dé ilé alága, ìyàwó rẹ̀ fi ìka dí imú.

"Inú àwọn garawa yìí la máa kó o síwájú àlejò? Wọ́n á ní a kó o nínú pàǹtí. Mo ti ra ìkòkò funfun."

Mo mọ̀ pé kò yẹ. Iṣẹ́ àṣejáde tí mo ṣe ní yunifásítì, orí gbòǹgbò ló dá lé. Ewúro tó ti pẹ́ nínú ike, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra, a kì í tú u kí a sì gbé e sínú oòrùn lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo lè yà á lórí ìwé fún ọ. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí o, mà, ó lè rọ." Ó ní, "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, a ò ní kí o fẹ́ ẹ." Garawa ewúro kò sì jẹ́ kí ewúro jáde, nítorí náà wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ àti sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páànù. Mo gé garawa náà láti òkè délẹ̀. Ọ̀bẹ gba àárín ẹyẹ aró náà kọjá. Mo gbọ́ bí gbòǹgbò ṣe ń já, pápápá, bí okùn aṣọ àtijọ́. Mo ń sọ lọ́kàn pé, "Ẹ máà bínú, Àlàájà," bí ẹni pé ẹ̀bẹ̀ máa ń wọ inú ilẹ̀ lọ di omi.

Ọjọ́ àjọ̀dún dára. Mi ò ní purọ́ mọ́ èyí. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọ ọgbà, àwọn ọmọdé ń kun ojú ara wọn bí òdòdó, bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi ó ń ta gìtá Lárúbáwá tó nǹkan bí àwo ńlá. Àwọn àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ sára okùn ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí inú mi ti ń bàjẹ́ tó, mo rí i pé ó dára, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú mi, nítorí mo mọ ẹni tó yẹ kó rí i. Ní ìsọ̀ wa, ewúro ti sọ orí kọ́ nínú ìkòkò funfun. Àlejò kan bi mí pé ṣé bí ewé náà ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ kọrin náà, wọn ò ṣì í. Wọ́n dúró níbi tí mo ti ní kí wọ́n dúró. Lẹ́yìn ègbè ìkẹyìn, àbígbẹ̀yìn alága ti la ẹnu láti máa bá a lọ, ló bá rántí, ló bá pa á dé. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ẹni tó mú gbohùngbohùn dání pe orúkọ mi, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣe orin náà gòkè wá. Mo gòkè. Màmá mi ń ya fọ́tò, ó ń sunkún. Ó pẹ́ tí màmá mi ti sunkún ayọ̀ lórí mi. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi sọ òtítọ́ lórí pèpéle níbẹ̀, ìdáhùn mi nìyẹn, mo sì mọ̀ pé kò tó.

Ọjọ́ kejì ni mo kó àwọn ìkòkò padà sí Al-Nuzlah. Fídíò ti ṣáájú mi débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń fọ mọ́tò nísàlẹ̀ ilé ń fi ègbè náà súfèé bí mo ṣe ń kọjá.

Àlàájà ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ tó ṣẹ́kù. Kò yíjú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olórin."

Kò sí ẹni tó tíì fi ẹnu nà mí bẹ́ẹ̀ rí. Àgbàlagbà tó ti ń pè mí ní "ìwọ" láti kékeré, tó máa ń fún mi ní omi mu, ló wá ń kí mi ní "ẹ". Mo dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, obìnrin tí kì í dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

"Ẹ dìde, ẹ má ba aṣọ yín jẹ́. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fún yín, wúrà ló wà lára rẹ̀."

"Àlàájà, alága ló ní…"

"Alága mọ̀ mí? Èmi mọ alága? Ìwọ ni mo fún." Ó ti padà sí "ìwọ", ó sì burú ju "ẹ" lọ. Ó rí ewúro. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀, ó wò ó, ó sún mọ́ ìsàlẹ̀, ó tún ha á. Gbígbẹ ni. "Garawa mi ńkọ́?"

Mo mú páànù náà jáde nínú ọ̀rá. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹyẹ náà pọ̀ níbi tí mo ti gé e, ó sì tún jẹ́ kó ṣí. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Ta ló pàtẹ́wọ́ fún ọ?"

"Àwọn àlejò, mà. Àti àwọn ènìyàn wa."

"Àwọn àlejò ti lọ sílé wọn. Àwọn ènìyàn wa ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n tún máa jókòó?"

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé."

"Lọ kọ ìlà mi fún wọn."

"Ẹ jẹ́ kí n gbà yín sílẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ ohùn yín gan-an."

"Mi ò fẹ́ fóònù. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́. Ẹnu tó gé e ni kó rán an."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹgbẹ́ pé sí gbọ̀ngàn, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, ìrẹsì ń rùn láti ẹ̀yìn. Alága gbé fídíò náà sára ògiri. Ó ní kí n dìde kí wọ́n tún kí mi. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, èmi kọ́ ni mo ṣe orin náà. Ó ní ìlà kan tí a gé kúrò, ẹni tó ṣe é ló wà nínú rẹ̀."

"Jókòó, ọmọ mi," alága wí. "Nǹkan tó ti parí."

Ohùn mi kò dára. Ó ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n so mẹ́yìn ọkọ̀. Mo kọ ìlà náà, mo pe orúkọ rẹ̀, mo pe bàbá rẹ̀, mo pe iṣẹ́ bàbá rẹ̀, mo pe ìlú wọn. Mo dé ibi tó yẹ kí ègbè ti gbà á. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo gbọ́ bí fáànù ṣe ń lọ lókè.

Ẹni tó bá ti gbọ́ wákà láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mọ̀ pé a kì í fi lílé sílẹ̀ lófuurufú. Ó dà bí ẹni tó na ọwọ́ kí ọ, tí o wá ká tìrẹ mọ́yà. Màmá mi ló kọ́kọ́ gbè é. Mi ò retí rẹ̀. Kò wò mí, àpò tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. *Má jẹ́ a rọ o.* Obìnrin kan tẹ̀ lé e, òmíràn tẹ̀ lé e, títí apá obìnrin fi gbà á tán. Mo rí ètè ìyàwó alága tó ń mì; ó ti gbàgbé ara rẹ̀. Alága fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní, "Ó tó," wọn ò sì dúró, nítorí kò sí ẹni tó ń dúró sáàárín ègbè. Wọ́n kọ ọ́ dópin.

Lẹ́yìn náà wọ́n ṣàdúà, wọ́n sì gbé ìrẹsì wọlé. Kò sí ẹni tó dárúkọ Àlàájà mọ́. Ẹnjiníà kan fi ṣíbí tọ́ka sí mi nígbà tí mo ń kọjá. "Ìwọ ọmọ yìí, o dójú ti ọ̀gá. Ṣé ẹ̀kọ́ ewé tó o kà náà nìyẹn?" Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti gbè é, ẹran ni wọ́n ń jà lé lórí. Bí mo bá rántí ìró ṣíbí wọn, ara mi á tún gbóná.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí alága fi dá ìwé mi padà sí bàbá mi lọ́wọ́. Ó ní ibẹ̀ ti kún. Nígbà tí bàbá mi gbé àpòòwé náà fún mi, mo yí i lójú, mo yí i lẹ́yìn. Ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ pa ṣì wà bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́. Kò ṣí i rí. Nítorí ohun tí kò ṣí rí ni mo ṣe gé ìlà Àlàájà. Mo lọ sí bálùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ mi, mo sì sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí mi ò mọ̀ pé mo mọ̀.

Mo ní kí màmá mi yọ ìwé ẹ̀rí yẹn kúrò lára ògiri. Ó ní, "Mo ti bá ọ gbe orin. Fi ìwé sílẹ̀ fún mi." Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi irọ́ ṣe. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun rí kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti jáde. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Al-Nuzlah, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà. Kò béèrè nípa alága.

"Ta ló gbè é?"

"Màmá mi ló kọ́kọ́ gbè é."

"Ìyá rẹ? Tó máa ń ná ewúro mi bí ẹni ń ná màlúù?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wá sójú rẹ̀, ó lé e padà. "Ṣé wọ́n gbé ohùn sókè?"

"Wọ́n gbé e sókè, mà."

"Ó dáa." Ó tọ́ka sí ibi tí ewúro máa ń wà. Àmì roboto kan ló kù lórí símẹ́ǹtì. "Ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa o."

Mo mọ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pẹ̀lú ìlà rẹ̀ ní pípé, kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ ọ́n. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò ní gbọ́n láéláé.

"Kọ ọ́. Má kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń mọ ilé tó yẹ kó wọ̀. Ìwé kì í mọ̀."

Nítorí náà, mo tún ti gé e. Ẹ ti ka gbogbo èyí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò rí orúkọ rẹ̀, ẹ ò rí orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ ò mọ ìlú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gé e. Mo rò pé ìyẹn á jẹ́ kí inú mi rọ̀. Kò rọ̀ rárá.